Ẹni Tí Kò Lè Sáré: Ogunléndé Aláàbọ̀ Ara nínú Òwe, nínú Eré-Oníṣe àti ní Ìlú Àtìpó

Ọ̀kan nínú àwọn òwe tí Yorùbá fi ń kọ́ ènìyàn ní ìmúrasílẹ̀ ni èyí tí ó sọ pé ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ìlò rẹ̀ kò ṣòro. Bàbá a máa pa á fún ọmọ tí ìdánwò rẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà. Ìyálọ́jà a máa pa á nígbà tí ó bá ń kó ọjà pamọ́ de ìgbà ọ̀wọ́n. Nínú gbogbo ìlò wọ̀nyí, arọ kò sí níbẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni ó ń bá ẹlẹ́sẹ̀ méjì sọ̀rọ̀, wọ́n kàn yá ẹsẹ̀ arọ lò ni. Nínú kíláàsì, àfiwé ni à ń pè é, a ó sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá gba òwe náà gẹ́gẹ́ bí ìtàn kúkúrú tí ó ní ẹ̀dá-ìtàn kan ṣoṣo, tí ó ní ibùdó-ìtàn, tí ó sì ní ìṣẹ̀lẹ̀, ìbéèrè mìíràn yóò yọjú. Ta ni ó sọ fún arọ pé ogun ń bọ̀? Ta ni ó gbé e? Ìlú wo ni ó sá dé, kí ni wọ́n sì ń pè é níbẹ̀?

Òwe náà kò dáhùn èyíkéyìí nínú wọn. Awẹ́-gbólóhùn kékeré tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀, 'tí ó bá gbọ́n', ni ó gbé gbogbo ẹrù ka arọ lórí. Bí ó bá yè, ọgbọ́n rẹ̀ ni. Bí ogun bá pa á, a jẹ́ pé kò gbọ́n. Kò sí ẹbí nínú ìtàn náà, kò sí balógun, kò sí ẹlẹ́ṣin tí ó lè gbé ènìyàn sẹ́yìn gàárì. Síbẹ̀ kì í ṣe òwe ìkà. Ó mọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ àwọn ìjọba kò mọ̀ títí di òní: pé arọ nílò kí ìròyìn ogun tètè kàn án ju ti ẹlòmíràn lọ. Ìwé àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá ọdún 2006, sọ irú ọ̀rọ̀ yìí kan náà ní abala kọkànlá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yí ẹrù náà padà. Ìjọba ni abala náà ní kí ó dáàbò bo aláàbọ̀ ara nígbà ogun àti nígbà àjálù. Kò béèrè bóyá ó gbọ́n tàbí kò gbọ́n.

Ọ̀rọ̀ náà 'ogunléndé' fúnra rẹ̀ yẹ fún àyẹ̀wò. Ọ̀rọ̀-orúkọ tí a ṣẹ̀dá láti ara odidi gbólóhùn ni: ogun ni olùwà, asínpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe 'lé' àti 'dé' ni ó sì tẹ̀ lé e. Yálà a ka 'n' inú rẹ̀ sí 'mi' tàbí sí 'ni', ẹni tí ogun lé gbọ́dọ̀ sá, ẹni tí ó sá sì gbọ́dọ̀ dé, kí orúkọ náà tó lè bá a mu. Ẹni tí kò lè sáré kò sí nínú mofọ́lọ́jì ọ̀rọ̀ náà. Ogun kì í lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ dé ibì kankan. Ogun a máa bá a nílé ni. 'Asásàálà' kò yàtọ̀, orí 'sá' ni wọ́n kọ́ ọ lé. Èdè Faransé àti èdè Gẹ̀ẹ́sì kò sì sàn ju Yorùbá lọ lórí èyí, nítorí inú ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí 'sá' ni àwọn méjèèjì ti mú tiwọn. Ó dà bí ẹni pé gbogbo àwọn elédè wọ̀nyí, nígbà tí wọ́n ń wá orúkọ fún ẹni tí ogun tú nílé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n wò.

Bẹ́ẹ̀ ni ogunléndé tí ó jẹ́ aláàbọ̀ ara wà, wọn kò sì kéré níye. Àwọn kan wà tí ọmọ tàbí ìyàwó gbé kọjá ààlà. Àwọn kan wà tí wọ́n fi ẹsẹ̀ méjèèjì jáde nílé, tí àdó olóró tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ gbà wọ́n ní ọ̀kan lójú ọ̀nà. Àwọn mìíràn sì pé nígbà tí wọ́n dé, tí àìsàn tí kò rí ìtọ́jú ní ìlú àtìpó fọ́ wọn lójú.

Ìtàn ìlú ńlá méjì ní ilẹ̀ Yorùbá jẹ́ ìtàn ogunléndé. Ìbàdàn tí àwọn jagunjagun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ẹ̀gbá wọ̀ sí ní nǹkan bí ọdún 1829, lẹ́yìn ogun Òwu, àgọ́ ogun ni ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ó tó di ibi ìsádi fún àwọn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú mọ́ lórí. Ní 1830, Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá lọ sí abẹ́ Olúmọ, àwọn Òwu sì bá wọn níbẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tí Ìbàdàn fọ́ Ìjàyè ní 1862, Abẹ́òkúta ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó yè forí lé. Ìtàn tí a ń sọ nípa wọn kún fún akọni, fún ẹṣin àti fún ìbọn. Ojú asọ̀tàn a máa wà lára ẹni tí ó ṣáájú. Ajayi Crowther jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó wo eré sísá láti ẹ̀yìn. Nínú ìtàn tí ó kọ ní 1837 nípa bí ogun ṣe kó o ní Òṣogùn ní 1821, ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn obìnrin tí ọmọ rọ̀ mọ́, tí ẹrù wà lórí wọn, tí igbó ẹlẹ́gùn-ún sì ń fà sẹ́yìn. Kì í ṣe arọ ni wọ́n, ṣùgbọ́n ohun tí ó kọ sílẹ̀ ni bí ó ti rí fún ẹni tí kò lè sáré tó.

Ilẹ̀ Yorùbá tún gba ogunléndé lẹ́yìn náà. Láti ọdún 1990 ni ibùdó kan ti wà ní Òrù, ní agbègbè Ìjẹ̀bú, fún àwọn tí ogun Làìbéríà lé wá, àwọn ará Sierra Leone sì dara pọ̀ mọ́ wọn nígbà tí ogun tiwọn bẹ́ ní 1991. Ogun Sierra Leone yìí ni ayé mọ̀ mọ́ gígé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ aráàlú. Nǹkan bí ogún ọdún ni àwọn àlejò wọ̀nyí fi wà láàárín Yorùbá, tí wọ́n ń ná ọjà kan náà. Àwọn òǹkọ̀wé ìtàn-àròsọ Yorùbá ní ohun èlò lẹ́nu ọ̀nà, wọn kò sì lò ó bí ó ti yẹ.

Kì í ṣe pé Yorùbá kò rí aláàbọ̀ ara. Ìtàn ìwáṣẹ̀ fún wọn ní ipò tí àwùjọ mìíràn kò fún tiwọn. Ọbàtálá ni ó mọ àfín, abuké, arọ àti aràrá. Ẹmu ni ó mu yó lọ́jọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ìtàn kan ti sọ, ìdí sì nìyẹn tí ẹmu fi di èèwọ̀ rẹ̀. Ẹni òrìṣà ni wọ́n. Orúkọ yìí ní agbára gan-an, nítorí ó sọ ẹni tí à bá fi ṣe ẹlẹ́yà di ẹni tí òrìṣà ń ṣọ́. Ṣùgbọ́n agbára náà ní ààlà ilẹ̀. Ó nílò ojúbọ, ó nílò ọjọ́ ọ̀sẹ̀, ó nílò agbo ilé tí ó mọ ìyá tí ó bí ọmọ náà. Bí ẹni òrìṣà bá kọjá odi ìlú, tí ó dé ibi tí wọn kò ti mọ òrìṣà rẹ̀, orúkọ náà yóò dúró sí ẹnubodè. Arọ tí ó jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà ni ojú ará ìlú yóò rí. Nílé ẹni òrìṣà ni. Lájò, alágbe ni.

Àwọn ọ̀rọ̀ tuntun ń gbìyànjú láti tún nǹkan ṣe. 'Akàndá ẹ̀dá' tí ó ti gbilẹ̀ lórí rédíò fẹ́ mú ọ̀wọ̀ ẹni òrìṣà padà wá láìdárúkọ òrìṣà. Ó sàn ju 'abirùn' lọ, nítorí àìpé ara kì í ṣe àìsàn, ṣùgbọ́n ó ń fi ìyìn bo ọ̀ràn mọ́lẹ̀: akàndá ẹ̀dá tí wọ́n kọ́ àtẹ̀gùn sí iwájú ọ́fíìsì tí ó ti fẹ́ gba ìwé kò ní í fi àkàndá gun àtẹ̀gùn. 'Aláàbọ̀ ara' tí a lò nínú àpilẹ̀kọ yìí wọ́pọ̀ jù, ó sì ní àléébù tirẹ̀, nítorí ìdajì ni ó fi ń wọn ènìyàn.

Ó yani lẹ́nu pé inú eré tí ọmọ Yorùbá fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ni arọ inú òwe náà ti rí ẹnì kejì rẹ̀. The Swamp Dwellers ti Wọlé Ṣóyínká, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1958 kí wọ́n tó ṣe é ní Ìbàdàn ní 1959, mú afọ́jú kan wá láti ilẹ̀ Òkè Ọya dé ilé Makuri àti Alu ní àárín irà. Ọ̀dá àti eéṣú ni ó lé e, kì í ṣe ogun. Lójú ìwé àdéhùn ọdún 1951 lórí ogunléndé, ẹni yìí kì í ṣe ogunléndé rárá, nítorí àdéhùn náà kò ka ebi mọ́ ohun tí ó ń sọ ènìyàn di ogunléndé. Ó dára tí lítíréṣọ̀ kò fi béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ó tó gbà á wọlé.

Alágbe ni Ṣóyínká pè é, kò sì fún un ní orúkọ mìíràn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, nítorí ọkùnrin yìí kò tọrọ nǹkan kan. Nígbà tí Kadiye, àwòrò ejò irà tí ó sanra bọ̀kọ̀tọ̀, ní kí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún un lówó, afọ́jú náà dojú igbá rẹ̀ dé. Ilẹ̀ ni ó fẹ́. Ó fẹ́ ibi tí omi ti bò mọ́lẹ̀ tí òun yóò ro, tí òun yóò sọ di oko. Makuri jẹ́ onílé tí ó mọ àlejò í ṣe: wọ́n wẹ ẹsẹ̀ àlejò náà, wọ́n sì fi òróró pa á. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ilẹ̀, Makuri yarí, ó ní ti ejò ni. Omi ẹsẹ̀ ni wọ́n fún un. Ilẹ̀ ni ó béèrè. Kò sí ìwé kankan tí ó fi ààlà tí ó wà láàárín ìgbàlejò àti ẹ̀tọ́ hàn ní kúkúrú tó bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí òǹkọ̀wé fún ẹ̀dá-ìtàn náà wá di ara ẹ̀rí: ojú onílé ni ó ń rí alágbe, bí ẹni náà tilẹ̀ ń pariwo pé àgbẹ̀ ni òun.

Síbẹ̀ eré náà kò ṣàìní àbùkù lórí kókó yìí. Afọ́jú Ṣóyínká gba etí odò láti Òkè Ọya dé òkun, ara rẹ̀ kò sì dá a dúró níbì kankan. Bí afọ́jú yóò ṣe la kòtò omi nínú irà kò kan eré náà. Ohun tí ó ṣe pàtàkì sí i ni pé ẹni tí kò ríran ni ó rí ọjọ́ iwájú, nígbà tí Igwezu tí ojú rẹ̀ là kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ìlú ńlá lóru. Afọ́jú tí ó ríran ju aríran lọ jẹ́ ògbólógbòó àṣà nínú lítíréṣọ̀ ayé; àwọn Gíríìkì lò ó, àwọn asọ̀tàn Yorùbá náà sì mọ̀ ọ́n. Bí òwe ṣe yá ẹsẹ̀ arọ lò ni eré yìí yá ojú afọ́jú lò. Ní Madmen and Specialists tí ó jáde lẹ́yìn ogun abẹ́lé Nàìjíríà, Ṣóyínká ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn alágbe mẹ́rin tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ èso ogun, dókítà kan sì ń lò wọ́n bí ohun èlò. Níbẹ̀, àbùkù ara ní orísun, ó sì ní ẹni tí ó jẹ̀bi.

Aminata Sow Fall ará Senegal ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé àárín ìgboro. Nínú La Grève des bàttu, tí ó jáde ní 1979, ọ̀gá kan tí ó ń wá ipò lé àwọn alágbe kúrò ní ìlú kí ojú àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ má baà rí wọn. Nígbà tí babaláwo rẹ̀, tí í ṣe àfáà, ní kí ó ṣe sàárà fún àwọn alágbe kan náà, wọn kò jáde. Igbá tí afọ́jú kan ṣoṣo dojú dé nínú eré Ṣóyínká ti di ti gbogbo ẹgbẹ́. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ogunléndé, ṣùgbọ́n ìwé náà ni ó jẹ́ kí ó yé ni pé ìlú nílò ẹni tí yóò fún ní sàárà, ìlú kò sì fẹ́ rí i. Àléébù rẹ̀ ni pé kò lè ronú kan aláàbọ̀ ara tí kò gbé igbá dání. Aránṣọ tí kò lè rìn kò sí níbẹ̀, olùkọ́ tí kò ríran kò sí níbẹ̀.

Ìlú Kampala ní Uganda lè dán gbogbo ìwé wọ̀nyí wò. Òfin ogunléndé tí orílẹ̀-èdè náà ṣe ní 2006 fún àlejò ní ẹ̀tọ́ láti ṣiṣẹ́ àti láti gbé ibi tí ó bá wù ú. Ní 2023, ogunléndé tí ó wà ní Uganda ti lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Àwọn tí ó ń gbé Kampala nínú wọn lé ní 100,000, láti Congo, láti Somalia tí àwọn ènìyàn rẹ̀ pọ̀ ní Kisenyi, láti Eritrea àti láti Sudan méjèèjì. Òfin náà dára lójú ìwé. Ṣùgbọ́n àwọn ibùdó ìgbèríko bí Nakivale àti Kyangwali ni wọ́n ti ń pín ilẹ̀ àti oúnjẹ. Ẹni tí ó bá yan ìlú, a gbà pé yóò lè bọ́ ara rẹ̀. Ilé-ìwòsàn ńlá Mulago sì rèé, Kampala ni ó wà. Nítorí náà, ẹni tí ara rẹ̀ nílò dókítà jù lọ ni ó ń fi ibi tí ìrànlọ́wọ́ wà sílẹ̀ lọ sí ibi tí kò sí. Orí òkè ni wọ́n tẹ ìlú náà dó; ọkọ̀ akérò kékeré àti ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní bodaboda ni ó ń gbé èrò níbẹ̀, kò sì sí èyí tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ìrònú kẹ̀kẹ́ arọ.

Ọ̀rọ̀ èdè ni ó yẹ kí ó kan àwọn olùkọ́ èdè jù. Andrew Foster, adití ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ adití ní Gánà ní 1957, ó dá ti Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1960, Ìbàdàn yìí náà ni ó sì ti kọ́ àwọn olùkọ́ adití tí ó lọ sí àwọn ilẹ̀ tí ń sọ Faransé, kí bàálù tó pa á ní Rwanda ní 1987. Èdè ọwọ́ tí ó ní gbòǹgbò nínú ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n so mọ́ Faransé, ni ọ̀pọ̀ adití tí ó lọ sí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní Congo gbọ́. Uganda ní èdè ọwọ́ tirẹ̀, òfin ilẹ̀ náà ti ọdún 1995 sì dárúkọ ìdàgbàsókè èdè ọwọ́ fún adití. Adití tí ó bá kọjá ààlà láti Congo yóò wá bá adití ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò gbọ́ ọ tán. Èyí tí kò lọ ilé-ẹ̀kọ́ ni tirẹ̀ burú jù. Àmì ọwọ́ tí òun àti ìyá rẹ̀ fúnra wọn ṣẹ̀dá nílé ni èdè rẹ̀. Bí ogun bá pa ìyá náà, ẹnì kan ṣoṣo ni ó kù láyé tí ó gbọ́ èdè yẹn.

Ọ̀ràn náà kì í ṣe ti ìdánìkanwà nìkan. Ìtàn ni ogunléndé fi ń gba ìwé. Yóò jókòó síwájú òṣìṣẹ́ ìjọba, yóò sọ ìdí tí ó fi sá, ọjọ́ tí ó sá, ọ̀nà tí ó gbà, ẹni tí ó bá pàdé. Wọn yóò tún béèrè, wọn yóò sì wò ó bóyá ìtàn kejì bá ti àkọ́kọ́ mu. Ìṣeré ìtàn-àtẹnusọ gidi ni èyí, olùgbọ́ kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀, olùgbọ́ náà sì ni adájọ́. Gbogbo ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ lórí ìtàn-àtẹnusọ Yorùbá mọ̀ pé kò sí asọ̀tàn tí ń sọ ìtàn lẹ́ẹ̀mejì láìyí i padà. Àyípadà náà ni a fi ń mọ ọ̀jáfáfá. Níwájú òṣìṣẹ́ yìí, irọ́ ni wọ́n lè kà á sí. Ti adití wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọwọ́ ni yóò fi sọ ọ́, ògbufọ̀ àkọ́kọ́ yóò sọ ọ́ di Faransé tàbí Swahili, ògbufọ̀ kejì yóò sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì. Ti ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò lè to ọjọ́ tẹ̀ lé ọjọ́ ńkọ́? Ogun tí ó lé e kò kéré sí ti ẹlòmíràn, ìtàn rẹ̀ ni kò ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ.

Ó ku ọ̀rọ̀ kíkà. Yorùbá ní a kì í tojú oníka mẹ́sàn-án kà á. Ìwà ọmọlúwàbí ni òwe náà ń kọ́ni, ó sì dára láàárín àwọn tí ó mọ ara wọn. Ní ẹnu tábìlì tí wọ́n ti ń forúkọ ogunléndé sílẹ̀, ẹni tí wọn kò kà kò ní ìpín. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú ní 2011 pé nǹkan bí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn ni ó ní àìpé ara kan tàbí òmíràn, ní 2022 ó sọ ọ́ di mẹ́rìndínlógún. Òṣìṣẹ́ tí ó bá ń fi ojú lásán wo èrò yóò rí ọ̀pá, yóò rí kẹ̀kẹ́, kò ní í rí etí tí kò gbọ́. Bí ó bá sì béèrè tààrà pé, 'Ṣé aláàbọ̀ ara ni yín?', ọ̀pọ̀ yóò sẹ́, ìtìjú àti ẹ̀rù kì í jẹ́ kí wọ́n jẹ́wọ́.

Ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò ìjọba tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2001, tí wọ́n fi ìlú Washington pè, ṣe ìbéèrè mẹ́fà kan láti yẹra fún orúkọ yìí. Wọn kò béèrè ohun tí ènìyàn jẹ́. Wọ́n béèrè bí ó ṣe ń nira fún un tó láti ríran, láti gbọ́ràn, láti rìn, láti rántí nǹkan tàbí fọkàn sí i, láti tọ́jú ara rẹ̀ àti láti sọ̀rọ̀ yé ẹlòmíràn. Ìdáhùn mẹ́rin ni ó wà: kò nira, ó nira díẹ̀, ó nira gan-an, kò ṣeé ṣe rárá. Ọ̀nà ọgbọ́n ni, nítorí ó ka ìka láìka oníka. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún ìbéèrè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ẹni tí yóò túmọ̀ wọn kò ní í ráhùn. Ọ̀dọ̀ ìdáhùn ni wàhálà yóò ti bá a. Ẹ bi ìyá àgbà kan, tí ojú ti ń ṣe bàìbàì, pé ṣé ó nira fún un láti ríran. Kò ní í fi ẹnu ara rẹ̀ pe ibi sí ara rẹ̀ lórí, pàápàá níwájú ọmọdé tí ó gbé ìwé dání. 'A dúpẹ́' ni yóò sọ, kò sì sí àyè fún 'A dúpẹ́' láàárín ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.